Ata àti Ìrora Ara

Ní Ìsọlọ̀, láàrin àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá, ni Emzor ti ń ṣe paracetamol fún ẹni tí ara ń ro. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí oògùn kan tí ó wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ wa.

Atare àti iyèré jẹ́ ti ilẹ̀ wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ata rodo àti ṣọ̀ḿbọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni irú wọn ti wá, lẹ́yìn ìrìn àjò Columbus ní 1492, tí àwọn Potogí sì kó wọn dé etíkun wa. Àlejò náà sì di ọmọ onílé.

Ní 1997, David Julius àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ibi tí iṣan ara fi ń mọ̀ pé iná ń jó ni ata ń ta. Nítorí èyí ni ó ṣe gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021. Bí oró ata, èyíinì capsaicin, bá ń ta iṣan náà léraléra, yóò rẹ̀ ẹ́, kò sì ní lè rán ìrora lọ sí ọpọlọ bí ti àtẹ̀yìnwá. Ìdí nìyí tí a fi ń fi ìpara ata ra orúnkún àwọn àgbà tí làkúrègbé ń dà láàmú.

Ṣùgbọ́n kò wo àrùn náà sàn. Ìrora ni ó ń dẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ nínú ìpara sì sábà máa ń jẹ́ ìdá 25 sí 75 nínú 100,000. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ ata tútù mọ́ ara: ata tí ó ń tuni lára náà ni ó ń bóni láwọ.