Kí Ni Ìyá Ọmọ Jẹ?

  Inú ilé wa ni ọ̀rọ̀ tòní ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ. Ọmọ náà ò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n fi rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Ó ń ké lóru, awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ń pọ́n, ó ń hún un. Ọmú nìkan ló ń mu. Kò mu omi, kò mu àgbo. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo èèyàn ń bi ẹ̀gbọ́n mi: "Kí lo jẹ?" Ìyá ọkọ wọn ní ẹ̀wà ni. Aládùúgbò ní ata ni. Níbi ìtọ́jú tí wọ́n gbé ọmọ lọ, ẹnì kan ní kí wọ́n jáwọ́ nínú mílíkì, ẹyin, ẹja, ẹ̀pà, ẹ̀wà àti búrẹ́dì lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ẹni tó sọ ìgbà tí wọ́n máa padà jẹ wọ́n.

Nígbà tí mo lọ kí wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀kọ mímu tí kò ní mílíkì ni wọ́n ń mu láàárọ̀. Lálẹ́, àmàlà àti ewédú tí kò lẹ́ja, tí kò lédé. Ìró ò dúró nídìí wọn mọ́. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, "Àbúrò mi, ó dà bíi pé májèlé ni mò ń fún ọmọ mi mu." Wọ́n ti ń gbèrò láti já ọmọ náà lẹ́nu ọmú.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé kiri. Ta ló kọ́kọ́ sọ pé oúnjẹ ìyá lè yọ ọmọ ọmú lẹ́nu? Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Ta ló sì sọ pé kí ìyá fi ebi pa ara rẹ̀? Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ní nǹkan bí 1,900 ọdún sẹ́yìn, oníṣègùn ará Gíríìsì kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Róòmù. Soranus ará Éfésù ni wọ́n ń pè é. Ó kọ ìwé nípa ìlera àwọn obìnrin, ó sì sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ nípa àwọn obìnrin tí àwọn olówó máa ń gbà láti fún ọmọ wọn lọ́mú. Ó to àwọn oúnjẹ tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ sá fún, àlùbọ́sà àti aáyù sì wà lára wọn. Ẹ ò rí i pé ìbéèrè "kí lo jẹ?" ti dàgbà ju gbogbo ìyá ọkọ tó wà láyé lọ.

Àmọ́ kéèyàn sọ nǹkan yàtọ̀ sí kó fi ẹ̀rí hàn. Ẹ̀rí pẹ́ kó tó dé. Lọ́dún 1906, Clemens von Pirquet, dókítà àwọn ọmọdé ní ìlú Vienna, dá ọ̀rọ̀ "Allergie" sílẹ̀. Òun la wá ń pè ní àlẹ́jì. Ohun tó kíyè sí ni pé tí ara bá ti pàdé ohun kan rí, ọ̀nà tó máa gbà hùwà sí i lẹ́ẹ̀kejì lè yí padà. Ó lè dáàbò bo ara, ó sì lè ṣe ara léṣe.

Ọdún 15 lẹ́yìn ìyẹn, ní 1921, dókítà ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ W. R. Shannon gbé ìwádìí kan jáde. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá oúnjẹ tí ìyá jẹ máa ń dé inú omi ọmú lóòótọ́. Nígbà yẹn, kò sí ẹ̀rọ tó lè wá irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ rí. Ara ẹranko ló fi ṣe ẹ̀rọ. Ó lo omi ọmú fún guinea pig, ẹranko kékeré tó jọ eku. Bí ara ẹranko náà ṣe hùwà ló fi mọ̀ pé purotéènì inú oúnjẹ ti gba ara ìyá kọjá bọ́ sínú omi ọmú. Ọ̀rọ̀ di òótọ́ nìyẹn. Àwọn ìyá àgbà ò parọ́.

Láàárín ọdún 1920 sí 1940, dókítà míì ní ìlú Oakland ní California, Albert Rowe, ló sọ ọ̀nà ìtọ́jú kan di olókìkí. Ó gbé ìwé ńlá jáde lórí rẹ̀ ní 1931, ó tún gbé òmíràn jáde ní 1941. Ọ̀nà náà rọrùn láti ṣàlàyé: yọ àwọn oúnjẹ tí a fura sí kúrò, bíi mílíkì, ẹyin àti àlìkámà. Dúró wò ó. Tí ara bá balẹ̀, máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan kí o lè mọ èyí tó jẹ̀bi gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn: dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. A máa padà síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú rọlẹ̀. Ẹ mọ ìdí? Àwọn ìyá nílẹ̀ Amẹ́ríkà ò fi bẹ́ẹ̀ fọ́mọ lọ́mú mọ́. Mílíkì inú agolo gba ipò. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, nǹkan bí ọmọ kan péré nínú mẹ́rin ló ń fẹnu kan ọmú níbẹ̀ rárá. Ta ló máa wá béèrè ohun tó wà nínú omi ọmú tí ọmọ ò mu? Ìgbà tí àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í padà sídìí ọmú ni ìbéèrè náà jí.

Ìlú Malmö ní Sweden ló ti jí. Irene Jakobsson àti Tor Lindberg ń rí àwọn ọmọ ọmú tó ń ké ṣáá láìsí ìdí, tí inú ń run wọn. Ní 1978, wọ́n kọ ìwádìí kan sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà tó ń jẹ́ The Lancet. Ìyá 18 tó ní ọmọ 19 ni wọ́n ní kí wọ́n má fẹnu kan mílíkì màlúù. Igbe dá lẹ́nu ọmọ 13. Nígbà tí àwọn ìyá náà tún mu mílíkì, igbe padà lẹ́nu 12.

Èyí tí wọ́n ṣe tẹ̀ lé e ní 1983 ló mú mi dìde lórí àga. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ìyá 66 ló yọ mílíkì kúrò nínú oúnjẹ wọn. Ara ọmọ 35 balẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n dúró, a ó sọ pé mílíkì ló ń yọ ọmọ 35 lẹ́nu. Wọn ò dúró. Wọ́n ní kí àwọn ìyá 35 yẹn padà mu mílíkì, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ 23 ni igbe padà sí lẹ́nu. Àwọn 12 tó kù kò ṣe nǹkan kan. Ara wọn ti balẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ara ọmọ tuntun ṣe sábà máa ń ṣe bí oṣù ṣe ń gorí oṣù.

Wọ́n tún lọ síwájú. Wọ́n di purotéènì mílíkì sínú kapusùlù, kí ìyá má baà mọ ọjọ́ tó gbé e mì àti ọjọ́ tí kò gbé e mì. Nínú ọmọ 10 tí wọ́n bá dé òpin ìdánwò náà, 9 ló ké nígbà tó jẹ́ mílíkì gan-an ló wà nínú kapusùlù náà.

Nítorí náà, lápá kan, ẹjọ́ mílíkì jẹ́ òótọ́. Lápá kejì, ẹ yọ 23 kúrò nínú 66. Ìyá 43 ló kù. Ká ní gbogbo wọn ń yàgò fún mílíkì lọ láì padà mu ún, ìyá 43 ni ì bá máa fi oúnjẹ du ara wọn lásán. Ó dùn mí pé ìdajì àkọ́kọ́ iṣẹ́ àwọn ará Malmö ló rìn káyé. Gbogbo èèyàn ló mọ "yọ ọ́ kúrò". "Dá a padà" ti sọ nù sójú ọ̀nà.

Ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́ náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1982, Alan Lake àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣàpèjúwe àwọn ọmọ tó ń mu ọmú, tí ìfun ìsàlẹ̀ wọn wú, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nítorí purotéènì inú oúnjẹ ìyá. Ó máa ń dẹ́rù bani, àmọ́ ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló máa ń sanra dáadáa, tí nǹkan náà sì máa ń fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún kan tàbí láìpẹ́ sí i.

Níbí yìí, ẹ jẹ́ kí n ya ilé díẹ̀, torí àṣìṣe kan wà tó wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá. Ọ̀pọ̀ wa ni inú máa ń kùn tí a bá mu mílíkì. Nítorí náà, tí wọ́n bá ní mílíkì ò bá ọmọ lára mu, a máa ń rò pé ohun kan náà ni. Kì í ṣe ohun kan náà. Ní 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó ń ṣiṣẹ́ dókítà àwọn ọmọdé ní Èkó, àti Norman Kretchmer ará Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí jáde lórí bí àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà ṣe ń lo lactose, ìyẹn ṣúgà inú mílíkì. Ó fẹ́rẹ̀ jẹ́ gbogbo àgbàlagbà Yorùbá tí wọ́n dán wò ni ara wọn ò lè lò ó dáadáa. Ọ̀pọ̀ Fúlàní darandaran lè lò ó. Àmọ́ àwọn ọmọ ọwọ́ Yorùbá ń lò ó láìsí wàhálà. Ìgbà tí ọmọ bá ti kúrò lọ́mú ni agbára náà ń lọ.

Ṣúgà nìyẹn. Purotéènì la ń bá bọ̀ láti ẹ̀ẹ̀kan. Ọmú ìyá fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ṣúgà náà, nǹkan bíi gíráàmù 7 nínú 100 mílílítà, bí ìyá náà ò tiẹ̀ fẹnu kan mílíkì láyé rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ìyá ra mílíkì tí kò ní lactose mu kí ọmọ rẹ̀ lè sùn, owó ìyá náà ló fẹ́ ná.

Ransome-Kuti yìí náà ló di mínísítà ètò ìlera ní 1985. Ìgbà tó wà nípò ni ìjọba gbé òfin kan jáde ní 1990 tó de ọ̀nà táwọn ilé iṣẹ́ ń gbà polówó mílíkì tí wọ́n fi ń rọ́pò ọmú. Ó yé e pé tí ọkàn ìyá bá ti ń ṣiyèméjì nípa omi ọmú rẹ̀, agolo wà nítòsí tó ń dúró dè é.

Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ ní England nìyẹn. Ní 2006, ìwé tí àwọn dókítà kọ fún mílíkì àkànṣe tó wà fún ọmọ tó ní àlẹ́jì mílíkì jẹ́ 105,029. Ní 2016, ó ti kọjá 600,000. Chris van Tulleken kọ̀wé nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn BMJ ní 2018. Ó ní kò sí ẹ̀rí pé àìsàn náà fúnra rẹ̀ pọ̀ sí i tó bẹ́ẹ̀. Ó tọ́ka sí owó àwọn ilé iṣẹ́ mílíkì, ó sì sọ pé wọ́n ti ń fi orúkọ àlẹ́jì pe ohun tí gbogbo ọmọ tuntun ń ṣe: kíké, pípọ̀ọ́, ara sísú.

Báwo ló ṣe wá yẹ ká ṣe é? Ìlànà táwọn onímọ̀ ń tẹ̀ lé lónìí jọ ti Rowe àti ti Malmö. Mílíkì màlúù ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ yọ, nítorí òun ló ń jẹ̀bi jù. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ni wọ́n fi ń wò ó. Tí kò bá yí nǹkan padà, kí ìyá padà jẹ ẹ́. Tó bá yí i padà, kó tún jẹ ẹ́ wò kó lè dájú. Tó bá ti dájú, tó sì fẹ́ máa yàgò fún un, kó máa lo kálísíọ́mù, kí egungun rẹ̀ má baà san gbèsè náà. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ ọmọ, tàbí tí kò sanra, dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ rí. Tí ojú tàbí ètè rẹ̀ bá wú rí, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ má dán nǹkan kan wò nílé.

Tiwa tiẹ̀ rọrùn ju ti ará Sweden lọ. Àmàlà, iyán, ẹ̀kọ, ewédú, ẹ̀fọ́ rírò, kò sí mílíkì nínú ọ̀kankan wọn. Bọ́tà, wàrà, kéèkì, tíì oní-mílíkì àti àwọn búrẹ́dì kan ló yẹ kí ìyá máa ṣọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi rí dókítà àwọn ọmọdé míì. Ìyẹn tẹ́tí gbọ́ wọn tán, ó wá béèrè ohun tẹ́nikẹ́ni ò tíì béèrè: "Nínú gbogbo ohun tí ẹ yọ, èwo lẹ ti dá padà?" Ẹja ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí nǹkan. Ẹ̀wà. Kò sí nǹkan. Ẹyin, ẹ̀pà, búrẹ́dì, kò sí nǹkan. Nígbà tó kan mílíkì, ẹ̀jẹ̀ padà ní ọjọ́ kẹta. Nǹkan kan ṣoṣo ni, nínú mẹ́fà.

Ọjọ́ tí wọ́n padà jẹ mọ́ínmọ́ín, wọ́n pè mí lórí fídíò. Wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń jẹun, ọmọ ń mu ọmú lórí itan wọn. Ó ti lé ní ọmọ ọdún kan báyìí. Ó ń mu mílíkì fúnra rẹ̀, kò ṣe é ní nǹkan kan.

Tí ẹ bá mọ ìyá ọmọ kan tó ń yẹra fún ìdajì ọjà, ẹ má bi í pé kí lo jẹ. Ẹ bi í pé kí ló ti padà jẹ. Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ire o.