Ipa Omi Nínú Ìtàn Ọtí Bíà ní Ìgánmú àti Agbègbè Rẹ̀

Ìfáárà

Yorùbá gbà pé omi kò lọ́tàá. Síbẹ̀, bí àwọn òpìtàn bá ń sọ̀rọ̀ lórí ọtí bíà ní ilẹ̀ yìí, ilé-iṣẹ́, ọkà òkèèrè àti owó òyìnbó ni wọ́n máa ń mẹ́nu bà. Wọn kì í sábà dárúkọ omi. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé omi wà lára ohun tí ó ń pinnu irú bíà tí ìlú kan lè pọn dáadáa, àgàgà bíà tí họ́ọ̀pù pọ̀ nínú rẹ̀. Họ́ọ̀pù ni òdòdó tí ó ń fún bíà ní ìkorò àti òórùn.

Omi àti Ìlú ní Yúróòpù

Ní Burton-upon-Trent, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, omi kànga ń gba àárín òkúta gypsum kọjá, ó sì ń kó kálísíọ̀mù àti sọ́lífétì. Sọ́lífétì ni ó ń jẹ́ kí ìkorò họ́ọ̀pù mú ṣáká lẹ́nu. Èyí wà lára ohun tí ó sọ bíà kíkorò ìlú náà di olókìkí títí dé Íńdíà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní 1878, onímọ̀ kẹ́mísírì kan, C. W. Vincent, fi hàn bí a ṣe lè po èròjà mọ́ omi ibòmíràn kí ó lè ṣiṣẹ́ bíi ti Burton. Ní Pilsen, ẹ̀wẹ̀, omi rọ̀ gan-an, èròjà inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Omi yìí ni Josef Groll fi pọn bíà aláwọ̀ wúrà ní 1842, tí ọ̀pọ̀ lager ayé fi ń ṣe àwòkọ́ṣe.

Ìgánmú ní 1949

Ṣáájú bíà ni ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, tí a ń fi àgbàdo pọn. Ní 1946 ni UAC àti Heineken dá ilé-iṣẹ́ Nigerian Brewery sílẹ̀. Ní oṣù Okúdù 1949 ni ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní Ìgánmú. Ọkọ̀ òkun ni ó gbé ọkà báálì àti họ́ọ̀pù wá. Nínú àwọn èròjà pàtàkì mẹ́ta yìí, omi nìkan ni ọmọ onílẹ̀. Ilẹ̀ yanrìn ni ilẹ̀ Èkó; omi abẹ́ rẹ̀ sábà máa ń rọ̀, ó sì ń kan díẹ̀. Ó súnmọ́ ti Pilsen ju ti Burton lọ. Èyí kò túmọ̀ sí pé nítorí omi ni wọ́n fi yan Ìgánmú. Ohun tí ó fi hàn ni pé omi àdúgbò bá lager mu.

Omi Ẹni Tí Ń Pọntí Nílé

Bí ẹnìkan ní Yábà tàbí Múṣin bá fẹ́ pọn bíà oníhọ́ọ̀pù, omi rírọ̀ yìí nílò àfikún. Gíráàmù 8 gypsum nínú lítà 20 yóò fi nǹkan bíi mílígíráàmù 220 sọ́lífétì àti 90 kálísíọ̀mù kún lítà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n omi kì í ṣe ọ̀kan náà. Omi ẹ̀rọ ní kilorínì, tí ó lè mú kí ọtí máa rùn bí oògùn. Sísè ni a fi ń lé e. Kànga tí ó súnmọ́ ọ̀sà, ní apá Ìwáyà àti Mákòókó, lè ní iyọ̀. Gypsum kò lè yọ ọ́, omi òjò ni a ó fi là á. Ẹni tí ó ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi í léèrè ibi tí ó ti pọn ọ́n.

Ìgúnlẹ̀

Nígbà tí ìjọba fòfin de ọkà báálì òkèèrè ní 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo rọ́pò rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti dán ewúro àti orógbó wò dípò họ́ọ̀pù. Àwọn òpìtàn ń pe èyí ní ìgbà tí bíà bẹ̀rẹ̀ sí í di ti ilẹ̀ yìí. Ó yẹ kí wọ́n rántí pé láti ìgò àkọ́kọ́ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti jẹ́ tiwa. Àwọn ará Èkó mọ iyì omi tipẹ́: nítorí owó omi ni wọ́n ṣe dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ ní 1908. Ìtàn bíà tí kò bá ka omi kún, ìdajì ìtàn ni.