Ọ̀sẹ̀ Ọlidé Nínú Yàrá Kan: Agége àti Ìkẹjà

Bí ẹ bá ka ìtàn àwọn ilé-iṣẹ́ tó tò láti Ìkẹjà dé Agége, ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ kò ju ẹ̀rọ, owó oṣù àti ìyanṣẹ́lódì lọ. Bàbá tó dúró lẹ́nu géètì nìkan ni ìwé ń rí. Ṣùgbọ́n bàbá yìí ní ìyàwó, ó ní ọmọ wẹ́wẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, inú yàrá kan ni gbogbo wọn sì sábà ń gbé. Èrò tèmi ni pé ọ̀sẹ̀ ọlidé, nígbà tí gbogbo wọn bá jọ wà nílé, ló máa jẹ́ ká mọ ohun tí iṣẹ́ yẹn jẹ́ fún wọn.

Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ló ṣètò ilẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà láàárín àwọn ọdún 1950. (Ìkẹjà àti Agége kò tíì sí lábẹ́ Èkó nígbà yẹn o. Ọdún 1967, nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, ni wọ́n bọ́ sábẹ́ rẹ̀.) Dunlop àti Nigerian Textile Mills dé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Guinness náà kọ́ ilé ọtí tirẹ̀, Cadbury sì dé Agídìńgbí ní 1965. Agége, ìlú àwọn olóko kòkó àti obì bíi J. K. Coker láyé ìgbà kan, wá di ibi tí òṣìṣẹ́ ń háyà yàrá sí.

Iṣẹ́ ṣíífù ló ṣòro jù fún ilé ọlọ́mọ wẹ́wẹ́. Bàbá tó ṣiṣẹ́ mọ́jú gbọ́dọ̀ sùn lọ́sàn-án, nínú yàrá kan náà tí àwọn ọmọ fẹ́ ti ṣeré. Ìyá á lé wọn síta pé bàbá yín ń sùn, á pọn èyí tó kéré jù, á sì jókòó ti àtẹ rẹ̀ lójúde. Ọmọ lè lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko láìrí bàbá rẹ̀ àfi lójú oorun. Ọ̀sẹ̀ Kérésì sí Ọdún Tuntun, tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń ti ilẹ̀kùn, àti ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n bá fún wọn fún Iléyá, ni bàbá ń di ẹni tí ọmọ lè gùn léjìká. Ẹ tiẹ̀ wo orúkọ Iléyá fúnra rẹ̀: ó ní ilé yá. Ilé tó ń wí ni Ìjẹ̀bú, Abẹ́òkúta, Ọ̀yọ́ tàbí Èkìtì, kì í ṣe Agége. Ẹni tó bá ní owó ọkọ̀ fún ọmọ mẹ́rin á lọ. Ẹni tí kò bá ní á jókòó sí yàrá, á máa ṣàlàyé fún wọn.

Kérésì 1970 ni ká dúró lé dáadáa. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà. Àtúnyẹ̀wò owó oṣù tó kẹ́yìn jákèjádò orílẹ̀-èdè ni ti ìgbìmọ̀ Morgan ní 1964, oúnjẹ sì ti gbówó lórí gan-an láti ìgbà náà. Òfin tí àwọn ológun fi de ìyanṣẹ́lódì nígbà ogun ṣì wà nílẹ̀. Ìjọba Gowon wá gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Olóyè Simeon Adébọ̀. Ní oṣù kejìlá, ìròyìn jáde pé kí wọ́n fún òṣìṣẹ́ ní owó díẹ̀ sí i ná, kí ìgbìmọ̀ náà tó parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wo irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ nínú yàrá tí ọmọ ti ń béèrè aṣọ ọdún! Owó náà kò tíì dọ́wọ́, àmọ́ a mọ bí a ṣe máa ń ná owó tí a ti gbọ́ pé ó ń bọ̀.

Nígbà tí ọlidé parí, àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní àwọn ti fi kún owó òṣìṣẹ́ láti 1964, pé kò kan àwọn mọ́. Bí ìjọba ṣe kọ ọ̀rọ̀ náà ló fún wọn láyè. Ní oṣù kìn-ín-ní 1971, àwọn òṣìṣẹ́ Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ sí í da iṣẹ́ sílẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan dé òmíràn, tòun ti òfin tó dè wọ́n. Adrian Peace, òyìnbó onímọ̀ àwùjọ, ṣèwádìí láàárín wọn lásìkò yẹn, ó sì tẹ ìwé rẹ̀, Choice, Class and Conflict, jáde ní 1979. Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni pé àwọn oníṣòwò kéékèèké àti oníṣẹ́ ọwọ́ Agége wà lẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́, torí ọ̀dọ̀ wọn ni owó oṣù náà ń bọ̀ sí. Tèmi ni pé ká fi kàlẹ́ńdà kún un. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì ni Iléyá bọ́ sí ní 1971. Bàbá tó dúró lẹ́nu géètì yẹn mọ iye ọ̀sẹ̀ tó kù kí ọmọ òun tó béèrè àgbò.

31 oṣù kejìlá 1983 náà bọ́ sínú ọ̀sẹ̀ ọlidé. Sani Abacha sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ìjọba Ṣàgàrí lọ, kónílé-ó-gbélé sì bẹ̀rẹ̀ láti agogo 7 alẹ́, lálẹ́ tí àwọn èèyàn ń múra ìsìn àìsùn ọdún tuntun. Ká máa lọ.

Ní òpin ọdún 2008, Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà. Iná ìjọba kò ṣeé gbára lé, epo wọ́n, táyà òkèèrè sì ti kún ọjà. Nínú àwọn ilé tó kàn, ọlidé ọdún yẹn kò ní ọjọ́ ìpadàsíṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ táyà yìí tún padà wá ní Ọdún Àjíǹde 2020. Ilé-ẹ̀kọ́ ti wà ní títì láti 23 oṣù kẹta nítorí Kòrónà, kónílé-ó-gbélé sì bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ 30. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́ Ẹtì Rere, 10 oṣù kẹrin, bàbá, ìyá àti ọmọ ti jọ wà nínú yàrá fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ìjọba gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò, ṣùgbọ́n rédíò kò lè di ọmọ ọdún mẹ́rin mú. Ẹni tó ń gba owó òòjọ́ kò rí i gbà. Ìròyìn wá tàn ká Agége àti Ìfàkọ̀-Ìjàyè pé àwọn ọmọ ìta ń bọ̀ wá jalè láti òpópónà dé òpópónà. Òmíràn jẹ́ òótọ́, òmíràn jẹ́ àhesọ, àwọn ọlọ́pàá sì mú àwọn afurasí.

Àwọn ọkùnrin bọ́ síta lálẹ́ pẹ̀lú igi àti àdá. Wọ́n dáná sun táyà ní oríta, wọ́n ń lu irin kí ẹnikẹ́ni má baà sùn lọ. Àwọn tí òbí wọn àgbà ṣiṣẹ́ mọ́jú nídìí ẹ̀rọ táyà ní Ìkẹjà wà lára àwọn tó lè ṣọ́nà níbẹ̀. Ìyá di fèrèsé nítorí èéfín, àwọn ọmọ kò sì sùn. Ní òwúrọ̀, bàbá á wọlé wá sùn, ìyá á sì ní kí wọ́n dákẹ́. Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, Ààrẹ Bùhárí fi ọjọ́ 14 kún un.