Ìdí Tí Ìwé Ẹbí sí Amẹ́ríkà Fi Ń Pẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston fáìlì fún mi ní ọdún 2009, kété tó di ọmọ Amẹ́ríkà. Mo ṣì wà ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Iṣẹ́ olùkọ́ ìtàn ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa àti àwọn ọmọ tí mo kọ́ níwèé fi máa ń kó lẹ́tà tó bá ti Amẹ́ríkà dé wá bá mi. Ìbéèrè kan náà ló máa ń wà lẹ́nu wọn: "Mà, kí ló dé tó ń pẹ́ báyìí?" Àwọn kan gbà pé ẹnì kan ló jókòó lé fáìlì wọn ní ilé iṣẹ́ físà Amẹ́ríkà ní Victoria Island, l'Ékòó. Àwọn mìíràn ti gbààwẹ̀ lé e lórí, wọ́n ní ayé ló dì í mọ́lẹ̀. N kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí àdúrà. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé ìdúró yìí kò bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Inú ìwé òfin ló wà, orúkọ àwọn tó kọ òfin náà àti ọdún tí wọ́n kọ ọ́ kò sì fara sin.

Nígbà kan rí, kò sí ohun tó ń jẹ́ ká dúró de físà ẹbí. Ará Yúróòpù tó bá fẹ́ lọ bá arákùnrin rẹ̀ ní New York á wọ ọkọ̀ ojú omi, á sọ̀ kalẹ̀ sí Ellis Island, wọ́n á wo ojú àti àyà rẹ̀, wọ́n á bi í léèrè ọ̀rọ̀ díẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn á sì wọ ìlú lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀rọ̀ ti àwọn ará Ṣáínà yàtọ̀. Òfin ọdún 1882 ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ọmọ-ìlú Amẹ́ríkà ṣì lè wọlé. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní San Francisco ní 1906 tí iná sì jó àkọsílẹ̀ ìjọba, ọ̀pọ̀ ọkùnrin Ṣáínà sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n bí àwọn sí, wọ́n sì ń mú ọmọ wá láti ilé, àwọn mìíràn ń mú ọmọ tí kì í ṣe tiwọn. Ìjọba dá àwọn tó ń bọ̀ dúró sí Angel Island, létí San Francisco, láàárín 1910 sí 1940. Wọ́n á bi ọmọ pé àtẹ̀gùn mélòó ló wà lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀, àti ibi tí kànga abúlé wà. Wọ́n á tún pe bàbá lọ́tọ̀, wọ́n á bi òun náà. Bí ẹnu wọn kò bá kò, wọ́n lè dá ọmọ padà sínú ọkọ̀. Ibẹ̀ ni ìjọba Amẹ́ríkà ti kọ́ bí a ṣe ń ní kí èèyàn fìdí ẹbí múlẹ̀ níwájú àlejò. Tọkọtaya tí wọ́n bá ti bi lónìí pé ta ni alága ìdúró níbi ìgbéyàwó wọn mọ ohun tí mò ń sọ.

Ọdún 1924 ni ìlà gan-an bẹ̀rẹ̀. Òfin ọdún náà pín iye èèyàn tó lè wọlé fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, ó sì pa á láṣẹ pé kí èèyàn ti gba físà lọ́wọ́ aṣojú Amẹ́ríkà nílùú tirẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀. Láti ìgbà náà ni ẹnu ọ̀nà Amẹ́ríkà ti kúrò ní New York, tó wá sí ìlú oníkálukú. Ìyàwó ọmọ Amẹ́ríkà àti ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún 18 kò sí nínú iye tí wọ́n ń kà. Àwọn ẹbí yòókù wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún ìṣirò náà ṣe ní 1929, Bírítéènì gba àyè 65,721 lọ́dún kan; Ethiopia gba 100. Òfin ọdún 1952 fún ìlú amọ́nà kọ̀ọ̀kan ní àyè 100 péré lábẹ́ orílẹ̀-èdè tó ń ṣàkóso rẹ̀. Ìlú amọ́nà Bírítéènì ni Nàìjíríà nígbà náà. Àwọn bàbá wa tó lọ sí Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un, ilé ìwé ni wọ́n lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì padà wálé. Kò sí ọ̀nà gidi kan tí wọ́n lè gbà mú àbúrò wọn wá bá wọn gbé.

Ìgbà tí òfin 1965 dé ni ọ̀rọ̀ yí padà, ibẹ̀ ni mo sì máa ń pẹ́ sí jù bí mo bá ń ṣàlàyé. Emanuel Celler, aṣòfin láti Brooklyn, ti wà ní Ilé Aṣòfin láti 1923. Ó ta ko òfin 1924 nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀, ó sì dúró ju ogójì ọdún lọ kó tó rí i kó wó lulẹ̀. Òun àti Philip Hart, sẹ́nétọ̀ láti Michigan, ni òfin tuntun náà ń jẹ́ orúkọ wọn. Ohun tí ìjọba kọ́kọ́ fẹ́ ni pé kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti ọ̀mọ̀wé jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Michael Feighan, aṣòfin láti Ohio, ló tako èyí, ó ní ẹbí ló yẹ kó ṣíwájú. Èrò òun àti àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni pé ará Yúróòpù ló pọ̀ jù nílùú, nítorí náà àwọn ẹbí tí wọ́n máa fáìlì fún náà á jẹ́ ará Yúróòpù, àwọ̀ ìlú kò sì ní yí padà. Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí i ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá 1965, lábẹ́ ère Statue of Liberty. Nínú àyè 170,000 tí wọ́n fún gbogbo Yúróòpù, Éṣíà àti Áfíríkà lọ́dọọdún, ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ọmọ Amẹ́ríkà, ìpín náà ló sì tóbi jù. Ará Yúróòpù kò rọ́ lọ bí wọ́n ṣe rò, nítorí ìlú tiwọn ti ń dùn ún gbé. Àwọn ará Éṣíà ló lò ó, lẹ́yìn wọn la dé. Ìlẹ̀kùn tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi dúró sẹ́nu rẹ̀ lónìí, ẹni tí kò rò wá mọ́ ọn ló ṣí i.

Òfin tó ń ṣàkóso ìwé wa báyìí ni ti ọdún 1990, tí Ààrẹ George H. W. Bush fọwọ́ sí ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá. Ó pín ẹbí sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan wà tí wọn kò ní òǹkà rárá: ọkọ tàbí aya ọmọ Amẹ́ríkà, ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún 21 tí kò sì tíì gbéyàwó, àti òbí rẹ̀ bí ọmọ bá ti pé ọdún 21. Àwọn yòókù ń tò sórí ìlà. Ọmọ tó ti dàgbà tí kò tíì gbéyàwó ní àyè 23,400 lọ́dún. Ọmọ tó ti gbéyàwó ní 23,400. Aya, ọkọ àti ọmọ ẹni tó ní gíríìn kaadì ní 114,200. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ní 65,000. Gbogbo ayé ni 65,000 yìí wà fún o. Ìyàwó àbúrò àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà nínú òǹkà náà, tó fi jẹ́ pé ọkùnrin kan tó ní aya àti ọmọ mẹ́rin á gba àyè mẹ́fà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tí a tọ́ dàgbà nínú ilé wa kò ní àyè kankan, àfi bí a bá ti lọ gbà á ní kóòtù kó tó pé ọdún 16.

Àwa ọmọ Nàìjíríà kún orí ìlà náà láàárín ọdún díẹ̀. Lẹ́yìn ètò ọrọ̀ ajé SAP ọdún 1986, nígbà tí náírà ṣubú, àwọn tó lọ kàwé kò padà mọ́. Òfin 1990 yìí kan náà ló bí físà lọ́tìrì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1995, ó sì gbé ọ̀pọ̀ èèyàn wa lọ. Ẹni tó bá lọ á lo ọdún márùn-ún, á di ọmọ ìlú, á sì rántí àwọn tó fi sílé. Láti lọ́tìrì ti 2015 ni wọ́n ti yọ Nàìjíríà kúrò, nítorí pé àwa tó ti wọlé láàárín ọdún márùn-ún ti ju 50,000 lọ. Ọ̀nà ẹbí wá di ọ̀nà tó ṣẹ́ kù fún ọ̀pọ̀ ilé.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn èèyàn mi mọ̀ ni pé ìdúró méjì ló wà, àwa sì máa ń pè é ní ẹyọ kan. Èkíní ni ìdúró iṣẹ́: wọ́n gba I-130, fọ́ọ̀mù tí ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà fi ń fáìlì fún ẹbí rẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fi ránṣẹ́ sí National Visa Center ní Portsmouth, New Hampshire, tó ti wà láti 1994. Ibẹ̀ la ti ń san owó, tí a ń kọ DS-260, fọ́ọ̀mù ìbéèrè físà, tí ẹni tó fáìlì ń kọ I-864, ìwé onídùúró tó di dandan láti oṣù kejìlá 1997, pé owó tó ń wọlé fún òun kò dín ní ìdá 125 nínú ọgọ́rùn-ún ìlà òṣì tí ìjọba fà. Ibẹ̀ náà ni ìwé ọjọ́ìbí ti ń dá àwọn àgbà dúró, nítorí 1992 ni òfin tó gbé ìforúkọsílẹ̀ ọmọ lé National Population Commission lọ́wọ́ jáde, ọ̀pọ̀ wa sì ti di àgbà nígbà yẹn pẹ̀lú ìwé ìbúra kóòtù lásán. Ìdúró yìí, èèyàn lè dín in kù bó bá tètè to ìwé rẹ̀ jọ.

Ìdúró kejì ni ti òǹkà, kò sì sí òṣìṣẹ́ tó lè dín in kù. Ọjọ́ tí I-130 wọlé ni ipò ẹni lórí ìlà. Lóṣooṣù ni wọ́n ń gbé Visa Bulletin jáde láti sọ ọjọ́ tí wọ́n bá a dé. Ní 2024, ìwé àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó wọlé ní 2007 ni wọ́n ṣì ń pè. Kò sí orílẹ̀-èdè tó lè gbà ju ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nítorí náà ni Mẹ́síkò, Íńdíà, Ṣáínà àti Philippines fi ní ìlà tiwọn lọ́tọ̀. Nàìjíríà wà pẹ̀lú gbogbo ayé yòókù. Ìlà náà lè padà sẹ́yìn pàápàá. Láti oṣù keje 2019, aya àti ọmọ kékeré àwọn tó ní gíríìn kaadì kò dúró de òǹkà rárá. Nígbà tó di oṣù kẹrin 2023, wọ́n fa ìlà wọn padà sí 2020. Àwọn ọkọ ń sunkún fún mi lórí fóònù pé wọ́n ti kọ̀ fún àwọn. Kò sẹ́ni tó kọ̀ fún wọn. Àwọn tó béèrè ti ju àyè tó wà lọ ni.

Láàárín ìdúró yìí, ayé kì í dúró. Ọmọ ń dàgbà. Rosalina Cuellar de Osorio, ará El Salvador, wà lórí ìlà ìwé tí ìyá rẹ̀ fáìlì ní 1998, nígbà tí ọmọkùnrin rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 13. Ọmọ náà pé 21 ní 2005, oṣù díẹ̀ kí òǹkà tó kàn wọ́n. Wọ́n ní àgbà ni, kó lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ìlà. Òfin ọdún 2002 ti wà tó ń yọ ìgbà tí ìwé fi wà lórí tábìlì kúrò nínú ọjọ́ orí ọmọ, ṣùgbọ́n ìgbà tó fi wà lórí ìlà kò sí nínú ìṣirò náà, Kóòtù Gíga Jùlọ sì dá ẹjọ́ ní 2014 pé ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè di ipò àtijọ́ mú. Mo ka ìdájọ́ náà, inú mi kò dùn sí i títí dòní. Ikú náà wà níbẹ̀: bí ẹni tó fáìlì bá kú, ìwé náà sábà máa ń kú pẹ̀lú rẹ̀.

Ti ìgbéyàwó ló ń dun àwa Yorùbá jù. Ọmọbìnrin tó ti ju ọdún 21 lọ, tí bàbá rẹ̀ tó ní gíríìn kaadì fáìlì fún, kò gbọdọ̀ ṣègbéyàwó kí bàbá tó di ọmọ ìlú. Lọ́jọ́ tó bá ṣe é, ìwé náà kú, bí wọ́n tilẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀ lọ́la, kò ní jí. Àwọn ìyá tó ń pariwo pé "ẹ jẹ́ ká so yìgì fún un kó tó lọ" kò mọ̀ pé ọwọ́ àwọn ni àwọn fi ń fa ìwé ya.

Ìjọba náà lè dá gbogbo rẹ̀ dúró lójijì. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2020, wọ́n kéde pé ọmọ Nàìjíríà kò ní rí físà ìgbélùú gbà mọ́, tó fi dé orí ìyàwó ọmọ Amẹ́ríkà tí kò ní òǹkà tẹ́lẹ̀. Kò pẹ́ tí kòrónà fi ti ilé iṣẹ́ físà pa. Ọjọ́ 20 oṣù kìíní 2021 ni Ààrẹ Biden fagi lé ìkéde náà, ṣùgbọ́n ìwé tó ti kó jọ kò tán lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀yin tí ìwé yín wà lórí ìlà, ẹ wá ìfilọ̀ tó ní ọjọ́ tí I-130 yín wọlé, kí ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ẹni tó fáìlì fún yín. Ẹ máa ka Visa Bulletin fúnra yín lóṣooṣù, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ sọ àdírẹ́sì tuntun fún wọn bí ẹ bá kó kúrò nílé, nítorí bí wọ́n bá ti sọ fún yín pé físà ti wà tí ẹ kò sì gbé ìgbésẹ̀ kankan láàárín ọdún kan, wọ́n lè pa ìwé náà rẹ́. Ẹni tó bá sì gba owó lọ́wọ́ yín pé òun máa sún ìlà náà síwájú, ẹ gba owó yín padà lọ́wọ́ rẹ̀.