Glaucoma, Oorun àti Ìbàlẹ̀ Ọkàn ní Àsìkò Àjàkálẹ̀ Àrùn

Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ní kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Abùjá ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, ikọ́ àti èémí ni ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn fún. Ṣùgbọ́n ojú ni ewu ti àwọn kan láàárín wa wà: àwọn tó ní glaucoma. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí oorun àti ọkàn wọn ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀.

Kí ni glaucoma?

Àìsàn yìí máa ń ba iṣan tó ń gbé ìríran láti ojú lọ sí ọpọlọ jẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, omi inú ojú ni kì í ráyè ṣàn jáde bó ti yẹ, tí agbára rẹ̀ á wá ga jù. Irú èyí tó wọ́pọ̀ jù kì í dunni. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló kọ́kọ́ ń mú lọ, ẹni náà á sì ṣì máa rí iwájú. Ìríran tó bá ti mú lọ kì í padà mọ́. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé nǹkan bí 5 nínú 100 àwọn tó ti pé ọdún 40 sókè ló ní in, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sì mọ̀.

Oorun

Tí a bá dùbúlẹ̀, agbára omi inú ojú máa ń ga ju ìgbà tí a jókòó lọ. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ohun tín-tìn-tín kan wà lẹ́yìn ojú tó ń sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ ti mọ́ tàbí pé ó ti ṣú. Glaucoma lè ba àwọn náà jẹ́, kí oorun sì dàrú. Ẹni tó wá ń jókòó sínú ilé látàárọ̀, tí kò rí oòrùn, tó ń tẹ fóònù títí di òru, á tún dá kún un.

Ọkàn

Ìbẹ̀rù pé ojú lè fọ́ tó láti lé oorun lọ. Nígbà tí ààwẹ̀ Ramadan bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 2020, ọ̀pọ̀ mọ́sálásí ṣì wà ní títì. Kò sí ìrun jáàmù tó ń tu ọ̀pọ̀ nínú. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kì í ṣe àìní ìgbàgbọ́. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó rẹ̀wẹ̀sì a máa gbàgbé oògùn ojú rẹ̀.

Ohun tó yẹ ká ṣe

1. Ẹ má dá oògùn ojú dúró, nínú ààwẹ̀ pàápàá. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ Fíqíìhì lágbàáyé pinnu ní Jeddah lọ́dún 1997 pé oògùn ojú kì í ba ààwẹ̀ jẹ́, tí a kò bá gbé èyí tó dé ọ̀fun mì. Nítorí pé àwọn onímọ̀ Málíkì ń ṣọ́ra nípa ohun tó bá dé ọ̀fun, ẹni tó ń kán an lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ lè kán an nígbà sààrì àti lẹ́yìn ìṣínu. Tí ẹ bá kán an tán, ẹ di ojú, kí ẹ fi ìka tẹ igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. Kò ní fi bẹ́ẹ̀ ṣàn lọ sí ọ̀fun.

2. Oògùn tó ní timolol nínú lè mú kó rẹ àwọn kan tàbí kó da oorun wọn rú, ó sì léwu fún ẹni tó ní asthma. Ẹ sọ fún dókítà; ẹ má dá a dúró fúnra yín.

3. Tí a bá forí kanlẹ̀, agbára omi inú ojú máa ń ga díẹ̀, á sì tún wálẹ̀ tí a bá dìde. Èyí kò ní ká má kírun. Ẹni tí tirẹ̀ ti le, kó bi dókítà àti àlùfáà rẹ̀. Islam fàyè gba aláìsàn láti fi orí júwe.

4. Ẹ jáde sí oòrùn lẹ́yìn àsùbáà, kí ẹ sì gbé fóònù sílẹ̀ lẹ́yìn ìrun ìṣáì.

5. Tí ìbànújẹ́ tàbí àìróorunsùn bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ rí dókítà.

6. Tí ojú bá ṣàdédé ń dunni gan-an, tó pọ́n, tí èébì sì ń gbéni, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ ìgbà kónílé-ó-gbélé.

Glaucoma a máa rìn nínú ẹbí. Kí ọmọ àti ọmọ ìyá aláìsàn lọ yẹ ojú wọn wò, kí wọ́n sì máa pè é lóòrèkóòrè.

Kí Allāhu fún àwọn aláìsàn wa ní ìwòsàn, kó sì dá ìmọ́lẹ̀ ojú wa sí. Āmīn.