Akọ̀wé Abúlé Tó Ń Há Ewì Sórí

Bí wọ́n bá ti bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi Yorùbá tí mò ń kà ṣe, Madras ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé.

Láti 1855 ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ìjọba Íńdíà, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọmọ Íńdíà á wọkọ̀ ojú omi, á lọ bá ọmọ òyìnbó du máàkì nínú Látìn àti Gíríìkì. (Ẹ̀yin náà ẹ wo ọ̀rọ̀!) Satyendranath Tagore ló kọ́kọ́ yege, ní 1863. Ó di 1922 kí wọ́n tó ń ṣe é ní Íńdíà pẹ̀lú.

Ní 1929, Madras dá ìgbìmọ̀ ìgbanisíṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ìpínlẹ̀ Íńdíà tó ṣáájú ẹ̀. Tamil Nadu ló jogún ẹ̀ lónìí. Láti ìparí 2021, ẹni tí kò bá gba ìdá 40 nínú 100 nínú èdè Tamil, ó ti bọ́ nìyẹn. Níbi tèmi ńkọ́? Ta ló ń bi akọ̀wé ìjọba bóyá ó lè kọ lẹ́tà Yorùbá kan ṣoṣo? Lọ́hùn-ún, Tirukkural, ewì àtijọ́ oní-1,330 ẹsẹ, wà nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń kà, títí kan ẹni tó ń wá iṣẹ́ akọ̀wé abúlé.