Ọ̀tísíìmù Kọ́ Ló Ń Fọ Ọwọ́ Náà

Ní Ọmọ́le, àti ní ibi púpọ̀ l'Ékòó, bí ọ̀dọ́langba tó ní ọ̀tísíìmù bá ń fọwọ́ títí ọwọ́ fi ń bó, tó ń padà lọ wo géètì bóyá ó ti tì í, wọn á ní ọ̀tísíìmù rẹ̀ ló tún le sí i. Àwọn òbí á wá máa wá àgbo, omi àdúrà, àti oríṣiríṣi kápúsù láti òkè òkun.

Àlàyé yẹn kò tọ̀nà, ó sì ń fi ìyà jẹ ọmọ. Leo Kanner, tó ṣàpèjúwe ọ̀tísíìmù ní 1943, ti rí i pé irú àwọn ọmọ yìí ń fẹ́ kí nǹkan máa lọ bákan náà. Ọmọ tó ń to ìdérí ìgò, tó ń mi ara, ìtura ló sábà ń rí níbẹ̀. Ti OCD, àìsàn èrò àti ìṣe àṣetúnṣe tí ènìyàn kò lè dá dúró, kò rí bẹ́ẹ̀: ẹ̀rù ló ń lé ọmọ. Èrò tí kò pè á wá sí i lọ́kàn, pé ìyá òun á kú bí òun kò bá fọwọ́. Ó fọ̀ ọ́, ẹ̀rù lọ sílẹ̀ díẹ̀, ó tún dé. Ohun méjì ni, wọ́n sì lè jọ wà lára ọmọ kan.

Ìyàtọ̀ yìí kan ìtọ́jú pẹ̀lú. Ní 2009, àwọn oníwádìí l'Amẹ́ríkà gbé àbájáde kan jáde lórí ọmọ 149 tó ní ọ̀tísíìmù. Wọ́n fún àwọn kan ní citalopram, tó jẹ́ ìran àwọn oògùn tí a fi ń tọ́jú OCD. Èyí tí wọ́n fún àwọn yòókù kò ní oògùn kankan nínú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló sàn sí i níhà méjèèjì. Kò sí ìyàtọ̀.

Fún OCD gan-an, ìtọ́jú tí Victor Meyer kọ̀wé lé lórí ní London ní 1966 ṣì ni òpómúléró: aláìsàn á fojú kojú pẹ̀lú ohun tó ń bà á lẹ́rù, kò sì ní ṣe ohun tó fi ń lé ẹ̀rù náà, títí ẹ̀rù á fi rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Fún ọmọ ọ̀tísíìmù, a máa ń pín ìtọ́jú náà sí ìgbésẹ̀ kéékèèké, a sì ń fi àwòrán ṣàlàyé.

Ẹ wá wo ohun tí ìwẹ̀ ìwẹ̀nùmọ́ ń ṣe. Ọmọ tí ẹ̀rù ìdọ̀tí ti dè, tí a ní kó wẹ̀ nígbà méje, a ti jẹ́rìí sí ẹ̀rù rẹ̀ pé òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá tó ń dá a lóhùn lemọ́lemọ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́. N kò bá àdúrà jà. Ní 1954 ni Adéoyè Lámbò, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró, l'Abẹ́òkúta, máa gbé láàrin ìlú pẹ̀lú ẹbí wọn, ó sì bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́. Orin, eré ìdárayá àti àdúrà lè tu ọmọ lára. Ṣùgbọ́n ewu wà nínú àwọn ìtọ́jú mìíràn: ní 2005, ọmọ ọdún márùn-ún kú ní Pennsylvania níbi tí wọ́n ti ń fa oògùn sí i lára láti yọ mẹ́tàlì kúrò. Ìlànà NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní Bìrìtìkó, ní 2013, sì ní kí a má ṣe lo irú ìtọ́jú yìí fún ọ̀tísíìmù.

Láti Ọmọ́le, LASUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, ní Ìkẹjà kò jìnnà. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábàá sì ní ẹ̀ka àwọn ọmọdé ní Òṣòdì. Kí òbí kọ ohun tí ọmọ ń ṣe sílẹ̀, bó ṣe ń pẹ́ tó, àti bí ojú rẹ̀ ṣe rí nígbà tó ń ṣe é. Kó dárúkọ gbogbo àgbo tí ọmọ ń mu pẹ̀lú, nítorí àwọn ewé kan wà tí kò yẹ kó bá sertraline, oògùn kan tí a fi ń tọ́jú OCD, pàdé nínú ara.